Ọdún mélòó la ní láti pe ọsibítù lẹ́jọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́ (Leeds)

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ dá a gbé mì.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kejì, ní ọsibítù ìjọba kan níbí. Ọmọ yè, èmi náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá òsì ti ń ro mí. Tí mo bá lọ bá GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wa, wọ́n á ní ojú iṣẹ́ abẹ ló ń jinná, kí n máa lo paracetamol. Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n tún là mí. Ohun tí wọ́n yọ jáde ni aṣọ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ó ti lẹ̀ mọ́ ìfun mi. Dókítà tó yọ ọ́ gbé e sínú ike kékeré kan fi hàn mí. Ó ti dúdú, ó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ewé ẹ̀kọ tó ti pẹ́ nínú omi.

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ọsibítù náà ní oṣù kejì 2024. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí. Ó lé ní ọdún kan kí èsì tó dé. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn ti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kí n ní sùúrù, bóyá wọ́n á tún kọ̀wé, wọn ò kọ nǹkan kan mọ́.

Oṣù kẹta 2026 la wà yìí. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ti tutù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọdún mẹ́ta péré lòfin fún èèyàn. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta láti 2019, ó ti tán tipẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n kàn gba kámú ni?

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, o kú ìrora. Ọdún mẹ́rin pẹ̀lú aṣọ nínú ikùn! Má gba kámú o.

Mi ò mọ òfin, ohun tójú mi rí ni mo mọ̀. Bàbá Ìbejì kú ní 2013. Àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, orí àga ni wọ́n sì fi í sí ní ibi pàjáwìrì láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fa oògùn sí i lára. Coroner, ìyẹn adájọ́ tó máa ń wádìí ikú, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé bí coroner ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yẹn, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti coroner, ọ̀tọ̀ ni ti owó gbà-má-bínú. Ìgbà tí ìyẹn parí, mo tún ní kí n kọ́kọ́ sinmi. Ìbejì ṣì kéré, èmi nìkan ni mo wà.

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó dé ọ́fíìsì lọ́yà. Ó ka ìwé mi látòkèdélẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Mà, bó bá jẹ́ pé ẹ wá ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni." Ó ní adájọ́ lágbára láti ṣíjú àánú wo ẹni tó pẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ òun ò ní fi owó wọn ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn. Mo lọ bá méjì mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Torí náà, lọ bá lọ́yà lọ́la. Má jẹ́ kó di ọ̀túnla.

Tòkunbọ̀ (Manchester)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ báyìí. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún England àti Wales.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni Limitation Act ti 1980. Ọdún mẹ́ta lòfin náà wí lóòótọ́, ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ò sọ ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti ka ọdún mẹ́ta yẹn. Wọ́n lè kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe yín léṣe. Wọ́n sì lè kà á láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣe yín léṣe, bí ìyẹn bá gbẹ̀yìn. Kí òfin tó lè ní ẹ mọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó ṣe yín kì í ṣe kékeré, pé ohun tí wọ́n ṣe tàbí ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe ló fà á, àti ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin tí aṣọ wà nínú yín tẹ́ ò mọ̀, tí GP sì ń sọ pé ojú egbò ló ń jinná, wọn ò lè ka 2019 sí yín lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń pa àwọn èèyàn wa lára nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Mímọ̀ tí òfin ń wí yìí, kò di ìgbà tí lọ́yà bá sọ fún yín pé wọ́n jẹ̀bi. Kò di ìgbà tí ọsibítù bá tọrọ àforíjì. Kódà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀, ká ní ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bó ṣe yẹ, wọ́n lè kà á mọ́ ohun tẹ́ ẹ mọ̀.

Ohun kejì ni pé lẹ́tà ẹ̀sùn tẹ́ ẹ kọ kò dá ọjọ́ dúró. Oṣù méjìlá ni wọ́n ń fúnni láti fi ẹjọ́ sun NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, ẹ ṣe ìyẹn lásìkò, ó dáa. Bí èsì wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ ombudsman lọ, ìyẹn ẹni tó máa ń tún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tẹ́ ẹ fi ń dúró dè wọ́n yẹn, ọdún mẹ́ta tiyín ń lọ ní tiẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá a dúró ni kí kóòtù gba ìwé ìpẹ̀jọ́ yín, kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn lọ́yà ọsibítù máa ń fọwọ́ síwèé pé àwọn á fún yín láàyè sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Kí ẹnì kan sọ ọ́ lórí fóònù ò tó.

Ẹ wá dá mi lóhùn: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tún là yín ní oṣù kọkànlá 2023? Wọn ò lè ṣàdédé là yín. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí nǹkan nínú àwòrán kan ṣáájú. Ta ló sọ fún yín, ọjọ́ wo ló sì sọ ọ́?

Àdùkẹ́ (Leeds)

Wọ́n ya àwòrán inú mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. GP pè mí lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀, ó ní wọ́n rí nǹkan kan, pé òun á fi mí ránṣẹ́ sí ọsibítù. Mo rò pé fibroid ni. Mi ò rántí ọjọ́ náà. Mo ní àpò kan tí mò ń kó gbogbo ìwé wọn sí, jẹ́ kí n tú u wò tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Bàbá Délé (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ máa dúpẹ́ fún ọdún mẹ́ta yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka ibí yìí tí ẹbí wọn wà nílé.

Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ló ṣe yín léṣe ní Nàìjíríà, wọ́n lè sọ pé oṣù mẹ́ta péré lẹ ní. Oṣù mẹ́ta mo wí, kì í ṣe ọdún. Public Officers Protection Act ni orúkọ òfin náà, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lórí iṣẹ́ tó bá ṣe gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Ibrahim àti Judicial Service Committee ti Kaduna, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ni òfin náà bò, pé ó bo àjọ ìjọba pẹ̀lú. Ohun tí àwọn ọsibítù ìjọba ń rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá àgbà ọsibítù pè wá, ó fi wá lọ́kàn balẹ̀, ó ní òun ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ká fi sùúrù sí i. A fi sùúrù sí i. Oṣù márùn-ún kọjá. Ìgbà tá a dé kóòtù, lọ́yà wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rárá. Ó dìde, ó ka ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́, ó ka ọjọ́ tá a pẹjọ́, ó jókòó. Bí ẹjọ́ wa ṣe kú nìyẹn. Àbúrò mi wà lórí àga iwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò yé e pé wọ́n ti parí.

Bí ìpalára náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, òfin ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó. Lọ́yà tiwa gbé e kalẹ̀ níwájú adájọ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ tó rọ kì í ṣe ìpalára tó ń lọ lọ́wọ́, pé àbájáde ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni.

Ti ọsibítù aládàáni yàtọ̀. Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni fún ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lára nípa àìbìkítà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ẹ má fi ti Èkó gbé ti Ọ̀ṣun. Ẹ̀sùn tẹ́ ẹ bá fi kan dókítà lọ́dọ̀ àjọ àwọn oníṣègùn, MDCN, ìyẹn lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mú owó kankan wá fún yín, kò sì ní dá oṣù mẹ́ta yẹn dúró.

Arábìnrin Fúnmi (Birmingham)

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ má bínú o, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ̀mí yín ṣì wà. Àwọn dókítà yìí kan náà ló gba ọmọ yín là. Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ẹ dárí jì wọ́n, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Fúnmi, o ṣeun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Èmi náà ti dárí ji àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó ń sáré láti ibùsùn kan sí èkejì, kò ju òun nìkan lọ. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò san owó ilé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ kí Ìbejì tó wọ yunifásítì. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. NHS ní àjọ kan, NHS Resolution, tó jẹ́ pé òun ló ń san owó irú ẹjọ́ báyìí ní England. Kò sẹ́ni tó máa gba owó oṣù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn.

Ṣadé RN (Leicester)

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀rí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa.

Ẹ béèrè fún gbogbo fáìlì yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Oṣù kan ni wọ́n ní láti fi kó o fún yín. Bó bá díjú gan-an, wọ́n lè fi oṣù méjì lé e. Ẹ má ní kí wọ́n fún yín ní "lẹ́tà" nìkan. Ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ ìwé tí wọ́n ti ń ka aṣọ àti irin iṣẹ́ ní yàrá abẹ. Ṣé ẹ rí i, kí a tó rán ikùn pa, a máa ń ka gbogbo aṣọ tí a lò, a máa ń kọ ọ́ sára pátákó funfun tó wà lára ògiri, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni méjì ló ń kà á pọ̀, wọ́n ń pe iye rẹ̀ síta. Bí ó bá kù kan, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nínú ìwé tiyín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ pé iye náà pé. Ẹ̀rí ńlá ni ìyẹn fúnra rẹ̀, torí ohun tó jáde nínú yín ti fi hàn pé kò pé.

Ẹ sì ṣe é kíá. Wọn kì í tọ́jú fáìlì títí ayé. Ti àgbàlagbà, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìtọ́jú ló wọ́pọ̀ kí wọ́n tó lè bà á jẹ́. Ti ìbímọ pẹ́ ju ìyẹn lọ, ọdún 25. Ti ọmọdé, títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 25.

Kíkẹ́ (Luton)

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà fẹ́ béèrè. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje. Afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí mo ń rọbí, kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀. Mo ti gbà pé ó ti pẹ́ jù. Ṣé ó ti pẹ́?

Tòkunbọ̀ (Manchester)

Kíkẹ́, kò tí ì pẹ́ rárá. Ọdún mẹ́ta ti ọmọdé kò bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 18, ìyẹn ni pé ó ní títí di 21. Ní Scotland, 16 ni wọ́n ti ń kà, ó máa ń tán ní 19. Bí làákàyè ọmọ náà ò bá sì ní lè gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tó bá dàgbà, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níwọ̀n ìgbà tó bá wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí rẹ̀ lè gbé e lọ fún un nísinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó de 18. Ohun tó nílò, àga onítáyà, ilé tó gba àga náà, ẹni tí á máa tọ́jú rẹ̀, ìsinsìnyí ló nílò wọn. Àwọn agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ á ti kúrò, wọ́n á ti gbàgbé. Fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nínú oyún, nígbà ìbí, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ìjọba ṣì lè san owó lọ́yà fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ni ẹjọ́ ìṣègùn tí wọ́n ṣì ń sanwó fún. Ẹ ké sí AvMA, àjọ aláàánú ni, wọ́n ti wà láti 1982. Wọ́n á fọ̀nà hàn yín láìgbà kọ́bọ̀.

Kíkẹ́ (Luton)

Mo ń sunkún níbí. Ẹ ṣeun, bọ̀dá.

Ọlá (Houston)

Fún àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà: ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni. Ní Texas níbí, ọdún méjì ni, láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí tí ìtọ́jú náà parí. "Mi ò tètè mọ̀" kò rọrùn níbí bíi ti Ìlú Ọba. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí dókítà ní ọjọ́ 60 kẹ́ ẹ tó pẹjọ́. Ní Maryland níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ọdún márùn-ún láti ọjọ́ ìpalára ni, tàbí mẹ́ta láti ọjọ́ tẹ́ ẹ mọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Àdùkẹ́ (Leeds)

Mo ti rí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Mo tú gbogbo àpò náà sórí ibùsùn. Láàárín ìwé àjẹsára ọmọ ni mo ti rí lẹ́tà kan látọ̀dọ̀ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán, wọ́n kọ ọ́ sí GP, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 2023. Ní ìsàlẹ̀, ní ìlà kẹta láti ìparí, wọ́n kọ ọ́ pé ohun tí àwọn rí jọ aṣọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbàgbé sínú mi látìgbà ìbímọ 2019. Mo ti rí lẹ́tà yìí nígbà yẹn. Mi ò kà á débẹ̀. Mo rí "appointment", mo ká a, mo kó o pa mọ́.

Tòkunbọ̀ (Manchester)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bí gbogbo wa ṣe ń ka lẹ́tà wọn nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà yẹn ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń ka ọjọ́ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ kejì, ẹ ò bá máa rò pé ẹ ní títí di oṣù kọkànlá ọdún yìí. Lọ́yà ọsibítù á yọ lẹ́tà yìí síta, á ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 2023 lẹ ti mọ̀ tàbí tó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀. Adájọ́ lè gbà fún un. Nítorí náà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà nínú ìwé yín ni kẹ́ ẹ máa kà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 2026 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ẹ kọ ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù keje, sínú kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ sì ṣe bí ẹni pé kò sí ọjọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku bí oṣù mẹ́rin àti díẹ̀. Lójú yín ó lè dà bíi pé ó pọ̀. Lọ́yà á gba fáìlì, á wá dókítà tí kò bá ọsibítù náà tan kó kà á kó sì kọ ìwé lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́yà kì í fẹ́ gba ẹjọ́ tí oṣù tó kù sí i kò tó mẹ́fà. Ẹ máa gbọ́ "rárá" lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n gbàgbé síkùn ni, torí irú ẹjọ́ yẹn ò ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á fetí sí yín. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ lórí fóònù ni ọjọ́ yẹn, kí orúkọ yín tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́nà tẹ́ ẹ ò ní san nǹkan bí ẹ ò bá jàre, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa yọ nínú owó yín bẹ́ ẹ bá jàre. Èrè àṣeyọrí wọn ò gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ, kò sì gbọdọ̀ kan owó ìtọ́jú ọjọ́ iwájú.

Àdùkẹ́ (Leeds)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o. Mo pe mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ní àsìkò ti kúrú. Ìkejì ò pè mí padà. Ìkẹta, obìnrin kan ló gbé e. Kí n tó sọ pé ẹ káàárọ̀ tán ni mo ti sọ ọjọ́ náà, bí bọ̀dá Tòkunbọ̀ ṣe wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan, ó ní, "Kí ni ohun tí wọ́n gbàgbé sínú yín?" Mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún mi. Ọkọ mi ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, a jọ ń lọ. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà oṣù kẹjọ náà dání, kí n má kọ nǹkan kan sára rẹ̀, kí n má sì lu ihò sí i.